Bí Ọ̀dà Ṣe Sọ Ìyá Ṣẹ́gun Di Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ fa àga yẹn mọ́ra, kí n má baà pariwo. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi ń sọ. Èyí tí ojú mi kò bá tó, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ojú tirẹ̀ tó o. Ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe òfófó.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣẹ́gun ni. Ìyá Ṣẹ́gun alágàárì, yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì, nínú ilé wa tó wà lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Ẹ mọ irú ilé wa: yàrá méje kojú sí yàrá méje, bí ẹnì kan bá sín nínú ọ̀kan, mẹ́tàlá yòókù á kí i pẹ̀lẹ́. Nígbà tí Ṣẹ́gun ń rákòrò ni bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ sí Kùtọnu lọ ra aṣọ òkìrìkà wá. Ṣẹ́gun ti hu irùngbọ̀n báyìí, aṣọ kò tíì dé. Gàárì ni obìnrin yìí fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, gàárì ló fi rán wọn níwèé. Nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ní ìjọ CAC wọn, kò sí ìsọ́ òru tí wọn kì í bá a níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Bàbá rẹ̀ rán àwọn ọkùnrin lọ sílé-ìwé, ó ní kí òun máa bá ìyá òun lọ sóko. Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Yorùbá láti 1955, àmọ́ ọ̀fẹ́ kò lè fi tipátipá mú bàbá tí kò bá fẹ́.

Ara ògiri iwájú ilé ni ìwé gbèsè Ìyá Ṣẹ́gun wà. Èédú ló fi ń kọ ọ́. Ìlà òòró kan, kóńgò kan. Ìlà ìbú, ààbọ̀ kóńgò. Róbótó, páìntì odindi. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tirẹ̀ lókè ìlà rẹ̀: télọ̀ ní àlùmọ́gàjí, ọmọ tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní táyà mẹ́ta, tíṣà ní pàṣán. Tèmi, ẹnu ló yà sí i. Mo bi í léèrè pé ẹnu ti jẹ́. Ó ní ẹnu rọrùn láti yà.

Lókè gbogbo ìyẹn, lábẹ́ páànù, ni nọ́ńbà tí àwọn tó wá ka ènìyàn ní 2006 kọ sí ògiri wà. Ẹ rántí ìkànìyàn yẹn? Ìjọba àpapọ̀ ka gbogbo wa ní Alímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ìgàndó, dé Ẹ̀gbẹ́dá, dé Ìpájà, wọ́n ní 1,277,714 ni wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, àwọn náà kà, a ju mílíọ̀nù 2 lọ. Àwọn tó mọ̀wé ló kà á o, tí odidi ìlú fi sọ nù sáàárín wọn! Ìyá Ṣẹ́gun kò sọ ìlà kan nù rí.

Ó wá di oṣù Disẹ́ńbà kan, Bàbá Lánlọ́ọ̀dù fẹ́ ṣe ìdána ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kí àwọn àna má baà rí ilé wa kí wọ́n yí mọ́tò padà, ó gbé ọ̀dà yẹ́lò wá, ó kùn ún láti òkè délẹ̀. Nọ́ńbà ìjọba lọ. Gbèsè lọ. Ìyá Ṣẹ́gun ti ibi tó ti lọ ra ọjà dé, ó dúró níwájú ògiri, ó nawọ́ kàn án, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn níka. Kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó jókòó sórí àpò gàárì.

Bó ṣe di àárọ̀, ó gba ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ní òun ti san án. Tíṣà ní kó lọ tún un ṣírò. Télọ̀ ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti bí òun, òun kò fi gàárì kan ẹnu rí. Télọ̀ yẹn o, ọmọ Ìjẹ̀bú! Nígbà tó kàn mí, mo ní Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ gbà á ládùúrà, wọ́n gbààwẹ̀ sí i. Ó dáa, èmi kò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n mo ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní oríṣiríṣi ìjọ ládùúgbò yìí, torí oúnjẹ wọn máa ń dùn, ọ̀rọ̀ ìyànjú kan náà ni wọ́n ń fún wa: ìyá, gbàdúrà fọ́kọ. Ìyá, gbààwẹ̀ fọ́mọ. Ìyá, ní sùúrù. Kí ìyá tó gbàdúrà ọkọ àti ọmọ tán, ilẹ̀ á ti mọ́. Ta ló wá ń bi ìyá léèrè pé ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ dà?

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni nǹkan yí. Tó bá ti lu aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ṣẹ́gun á palẹ̀ gàárì mọ́, á wẹ̀, á fi pọ́ńdà sójú, á há báàgì kékeré kan sábíyá, ó di kẹ̀kẹ́ Ìgàndó. Ìyá Bísí ló ní ọkùnrin ni. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Bísí ló sọ ọ́, ẹ má fi ẹnu mi sí i. Ohun tí èmi sọ fún Ìyá Káyọ̀dé kò ju pé pọ́ńdà yẹn kì í ṣe ti ọjà. Bó ṣe dé mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú, tó dé sọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn, èmi kò mọ̀.

Nítorí kí wọ́n má baà ba orúkọ obìnrin Ọlọ́run jẹ́ láìnídìí, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ti Ìkòtún, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń sá fún gbèsè kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. A dé Ìgàndó, ibi tí kò jìnnà sí ọsibítù ìjọba. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mo gba ẹ̀yìn fèrèsé lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀kì ló mú lọ́wọ́.

Àwọn ìyá àgbà ló jókòó sórí àga àwọn ọmọ aláwẹ̀, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọba Èkó ń ṣe ni. Tíṣà kọ "gb" sára pátákó, gbogbo wọn ké e. Ìyá Ṣẹ́gun di pẹ́ńsùlù mú bí ìgbà tó di èédú mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ẹnu rẹ̀ kán. Ó gbẹ́ ẹ. Ó tún kán. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, òógùn bo pọ́ńdà mọ́lẹ̀. Nígbà tó kọ "g" tó sì kọ "b" tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Mo padà sílé. Mo sọ fún Ìyá Bísí pé ahọ́n rẹ̀ gùn jù.

Ilé wá dàrú. Àwọn kan ní ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe, ṣé ó fẹ́ di gómìnà ni? Ìyá Dúpẹ́ ló dá wọn lóhùn. Ọmọ Áńgílíkà ni, Ẹ̀gbẹ́dá ló ti ń lọ sọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ràn láti jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé sọ́ọ̀ṣì tàwọn ti pẹ́ nílẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n gbọ́ nípa Àfàlá, ìyá Àjàyí Crowther? Wọ́n kó ọmọ lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tí wọ́n wá ya ìyá àti ọmọ sọ́tọ̀, ìyá kò tún rí i mọ́ àfi ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ọmọ ti di àlùfáà. Ìyá ọ̀hún ti dàgbà nígbà náà. Ì bá jókòó, kó máa jẹun ọmọ. Ṣùgbọ́n ó bá àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ jókòó, ó ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848. Hánà ni wọ́n sọ ọ́, nítorí Sámúẹ́lì lorúkọ ọmọ rẹ̀. Ìyá Aládùúrà yàrá kejìlá kò jẹ́ kó sọ tán. Ó ní ìjọ tàwọn Kérúbù àti Séráfù ńkọ́, tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, jọ dá sílẹ̀ ní 1925? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjọ ṣe ìdíje, ọbẹ̀ mi sì jóná lórí iná. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ìjọ wọn ní kí Ìyá Ṣẹ́gun ka Bíbélì nínú ìpàdé obìnrin. Ó dìde, ó ṣí ìwé, ohùn kò jáde. Ó tún jókòó. Ó sunkún délé. Ìyá Dúpẹ́ wọlé tọ̀ ọ́, ó ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ nu ojú yín nù. Ẹni tó dá Ẹgbẹ́ Ìyá tiwa sílẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, Mary Sumner, ìyàwó àlùfáà ni. Ní 1876 ló pe àwọn ìyá jọ sílé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n dé, wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ ná, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n padà wá. Ẹgbẹ́ ọ̀hún ti wọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 80 báyìí." Ìyá Ṣẹ́gun béèrè pé kí ló wá sọ lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá Dúpẹ́ ní òun ò bá wọn débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn ìyá, wọ́n tún fún un ní Òwe orí 31. Mo fi ìjọ tèmi sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá ń ka orí yẹn fún obìnrin, ẹsẹ 10 ni wọ́n máa ń mú: ìyàwó rere, kì í sùn, iná rẹ̀ kì í kú. Ìyá Ṣẹ́gun kò mọ̀. Níbi tí orí ti bẹ̀rẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀. Ó kà á ní ẹyọ-ẹyọ: Lé-mú-ẹ́-lì. Ìyá ọba ló ń bá ọmọ rẹ̀ wí! Ó ní kó má fi agbára rẹ̀ fún obìnrin, kó jìnnà sí wáìnì. Alàgbà méjì wúkọ́. Ó ní kó la ẹnu fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kó gbèjà tálákà. Lẹ́yìn náà ló tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin rere, tó ń hun aṣọ tà, tó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ilẹ̀.

Ìyá Ṣẹ́gun dúró. Ó gbójú sókè, ó gbàgbé pé máìkì wà lẹ́nu òun, ó ní, "Ah, ìyá ló sọ gbogbo èyí?"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi orí yẹn nà wá, kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ìyá kan ló fi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ìwàásù pásítọ̀ kúrú lọ́jọ́ yẹn.

Ó ti ra nótù báyìí, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ pupa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Lánlọ́ọ̀dù gbé ìwé kan wá, ó ní ọ̀rọ̀ omi àti gọ́tà ni, ká tẹ ìka sí i. A ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ nígbà tí Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Bàbá, ẹ mú un wá." Ó kà á sókè láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi wà níbẹ̀, gọ́tà wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀: owó ọ̀dà iwájú ilé, ayálégbé ni yóò san án. Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún un, ó ní kí wọ́n yọ gbèsè tí ọ̀dà náà pa kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá gba tàwọn. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Bàbá ṣì ń ṣírò.

Ẹ dákẹ́ ná, ta ló ń kan ilẹ̀kùn? Òun ni. Ẹ sọ fún un pé mo lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Kóńgò méjì yẹn ló bá wá.