Ọ̀gágun Orí Tẹlifíṣọ̀n

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí àṣìṣe kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni, ẹ lọ di onímọ̀ ètò ààbò lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Rọ́ṣíà fẹ́ wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn tó ní Kyiv, olú-ìlú Ukraine, ò ní lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó ṣubú kò kéré. Ọ̀gágun afẹ̀yìntì á de táì, á máa na ọ̀pá sí àwòrán ilẹ̀ bíi babaláwo tó ń wo ojú ọpọ́n.

Ọjọ́ mẹ́ta pé, Kyiv ò ṣubú. Nígbà tí oṣù kẹrin fi máa wọlé, Rọ́ṣíà ti ń kó ẹrù kúrò lẹ́bàá ìlú. Babaláwo tí Ifá rẹ̀ ò ṣẹ, ẹlẹ́bọ á bèèrè ewúrẹ́ rẹ̀ padà. Ti ọ̀gágun wa kọ́! Wọ́n tún pè é pé kó wá ṣàlàyé ìdí tí Kyiv ò fi ṣubú.

Kì í sì í ṣe ọ̀gágun nìkan. Philip Tetlock, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, yẹ àsọtẹ́lẹ̀ onímọ̀ 284 wò, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2005: àsọtẹ́lẹ̀ àwọn tí òkìkí wọn kàn jù kì í sábà ṣẹ tó ti àwọn yòókù.

Ẹ máa gbọ́ wọn o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ra gaàrí oṣù mẹ́ta.