Ọkọ̀ Pẹlẹbẹ Lẹ́yìn Típà

Ta ló jẹ̀bi bí gíláàsì iwájú sípọ́ọ̀tì káà bá kún fún àpá òkúta? Ẹni tó ń kọ èyí ti di ẹ̀bi náà ru onítípà, ó ti dì í ru ìjọba àti ọyẹ́, ó tilẹ̀ ti dì í ru ẹyinjú ara rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó kan ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn.

Toyota MR2 ni ọkọ̀ ọ̀hún, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, oníjókòó méjì, aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì, ìyá àgbà kan ní àdúgbò yí i po, ó wò ó títí, ó ní, “Bàbá Fẹ́mi, níbo làwọn ọmọ máa jókòó sí?” Òǹkọ̀wé yìí rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Ọdún 1984 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ọkọ̀ yìí, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Japan kan ṣe lọ́pọ̀ yanturu tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín, lẹ́yìn ìjókòó. Òǹkọ̀wé yìí kò mọ ìyẹn nígbà tó ń sanwó. Ohun tó mọ̀ ni pé Toyota ni, àti pé kò sí mẹkáníìkì Adó tí kò mọ Toyota. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́sítírà táyà ló bá níbẹ̀. Ó rọra pa á dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín lọ.” Ìtìjú ibẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé yìí gbà á gbọ́, ó tilẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò fẹ̀sùn kàn, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà débẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò ga. Nǹkan bíi mítà 1.24 ni láti ilẹ̀ dé òrùlé, kò kọjá àyà àgbàlagbà. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ gíláàsì ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ àpáta ni Èkìtì. Ẹni tó bá ti Adó lọ sí Àkúrẹ́ á gba Ìkéré kọjá, á sì rí àpáta Olósùnta tó dúró gàgàrà lórí ìlú. À ń fọ́ àpáta láti fi kọ́lé, à ń fọ́ ọ láti fi ṣe títì, típà ló sì ń rù ú káàkiri. Lówúrọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, bí a bá ti kọjá Ajílòsun, típà kan wà níwájú, òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ dé ẹnu, kò sì sí ohun tó bò ó. Ẹni tó bá gbọ́n á fà sẹ́yìn. Òǹkọ̀wé yìí sún mọ́ ọn débi tó fi lè ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, nítorí ó fẹ́ ya típà náà sílẹ̀ lójú àwọn ọmọ iléèwé tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké.

“Tá!”

Àpá náà kò tóbi ju èékánná ìka tó kéré jù lọ. Àárín rẹ̀ funfun, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sì yọ lára rẹ̀, ọ̀kan gùn ju ìyókù lọ. Ká ní ó dákẹ́ lójú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Inú bí i, ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ó ní dandan, òun máa bá onítípà náà kí òun sì dá a dúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí òkúta fi ń kọlu gíláàsì á di ìlọ́po mẹ́rin. Kí ó tó dé ẹ̀gbẹ́ típà náà, òkúta kejì ti bà á, àpá rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Onítípà dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí i dáadáa. “Ẹ kú ọ̀nà, sà.” Ó wo ọkọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn kò sì gbà á lásìkò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, láti Ajílòsun ni mo ti ń rí yín nínú díńgí. Mo rò pé ẹ fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ mi ni.” Ó wá mú un lọ sí ìdí típà, ó nàka sí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé kí ẹni tó wà lẹ́yìn jìnnà sí i. Òǹkọ̀wé tó ń fi ìwé kíkà jẹun kò lè ní òun kò rí i. Ó ti kà á.

Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ òkúta tó ń ba gíláàsì jẹ́ kì í jábọ́ látinú ẹrù. Orí ilẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, táyà ọkọ̀ iwájú ló ń ta á sẹ́yìn, kì í sì í sábà fò ga. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ló ń tẹ̀ lé e, ara irin tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa lọ bà. Bó bá jẹ́ MR2, ọ̀gangan ojú awakọ̀ ni. Àǹfààní kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi bò: gíláàsì sípọ́ọ̀tì káà fi ẹ̀yìn tì gan-an, òkúta tó bá sì bà á ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ lè yọ̀ kúrò. Àmọ́ àǹfààní yẹn kì í bo ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí típà.

Ohun tó yọ ojú òǹkọ̀wé yìí nínú ewu lọ́jọ́ náà ti pẹ́ láyé. Ní 1903, ìgò kan já bọ́ nílé iṣẹ́ Édouard Bénédictus, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé. Ìgò náà sán, kò fọ́n ká, nítorí cellulose nitrate tó ti gbẹ mọ́ ọn nínú dì í mú. Ní 1909 ó gbàwé àṣẹ lórí gíláàsì tó ti ibẹ̀ jáde. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ òde òní, awẹ́ méjì ni, ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn, bí ẹ̀wà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì ọmọ iléèwé. Awẹ́ ìta nìkan ni òkúta sábà máa ń bà jẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ẹyọ kan ṣoṣo ni, iná ni wọ́n fi mú un le, bó bá sì fọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa di wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí pé awẹ́ ìta nìkan ló fara gbá, àtúnṣe wà. Àwọn tó mọṣẹ́ á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àpá náà, wọ́n á fún resin wọ inú rẹ̀, wọ́n á wá tan iná ultraviolet sí i títí yóò fi le. Àpá kékeré ló wà fún, ó sì yẹ kí ó yá, kí omi àti eruku tó ráyè wọ ibẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo èyí fún òǹkọ̀wé yìí yékéyéké. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì gba Ọjà Ọba lọ láti ra súpà gúlù.

Súpà gúlù gbẹ, ó funfun, ó dí ẹnu àpá náà láì dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ní resin wò ó lẹ́yìn náà, ó mi orí, ó ní kò sí ibi tí nǹkan máa gbà wọlé mọ́. Ó ku àpá kejì. Ọkọ̀ ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ nígbà tí ọmọ ibi ìfọkọ̀ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kànga dé. Ẹni tó ní kí ó kọ́kọ́ da omi lu gíláàsì “kó lè tutù” kì í ṣe ọmọ náà o. Gíláàsì tó gbóná ti fẹ̀, omi tútù á mú ojú rẹ̀ sún kì lójijì, ibi tó bá sì ti ní àpá ló ti máa ń já. Ìlà kan yọ lára àpá kejì, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́nà òrùlé. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó, títí ó fi dé ibi tó ń lọ.

Àpá àti ìlà, ojú ń rí wọn. Èyí tó fi òǹkọ̀wé yìí ṣẹ̀sín jù lọ ni ihò tí ojú kì í rí. Bó bá ń ti Ìkéré bọ̀ lálẹ́, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú á tàn ká gbogbo gíláàsì, funfun báláú, kò ní mọ ibi tí títì parí sí. Ó ní ojú òun ti ń di ojú àgbà nìyẹn. Ó lọ rí onímọ̀ ojú, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀ tí awò fi lè ràn án lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ó rin kinkin. Wọ́n bá fún un ní awò ìwé kíkà. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń rí aago eré inú ọkọ̀ kedere lálẹ́. Ọ̀nà nìkan ni kò rí.

Ọmọ iṣẹ́ oní-gíláàsì kan ló tú u fó. Ó fi èékánná rin ojú gíláàsì náà, ó ní, “Ẹ fọwọ́ kàn án, sà.” Kò dán. Ó wá tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, àwọn ihò tín-ín-tín yọ, wọ́n kún ibẹ̀ bámúbámú. Iyanrìn ojú títì ló gbẹ́ wọn. Bí a bá ń wọn bí nǹkan ṣe le lórí òṣùwọ̀n Mohs, quartz, tó pọ̀ jù nínú iyanrìn, wà ní 7, gíláàsì sì wà ní nǹkan bíi 5.5, nítorí náà ẹ̀rún iyanrìn kan tó bá eré pàdé gíláàsì á mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ. Ihò kọ̀ọ̀kan wá ń fọ́n iná tó bá wọlé ká. Ní ti ọyẹ́ tí òǹkọ̀wé yìí di ẹ̀bi ru, òun fúnra rẹ̀ ló ń tan wáípà sórí eruku gbígbẹ láràárọ̀ láì da omi sí i, tó sì ń fi iyanrìn ha ojú gíláàsì ara rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tó tún fi pa á kò ṣe nǹkan kan, àfi pé ọkọ̀ náà ń ta sánsán di ọjọ́ kejì.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré jẹun mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Níbi ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans, wọ́n máa ń lẹ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ lé ara wọn sójú gíláàsì. Bí ti òkè bá dọ̀tí tó sì ha, wọ́n á fà á ya nígbà tí ọkọ̀ bá yà gba epo. Ní 2015, Ford kéde pé Ford GT yóò lo gíláàsì iwájú tó ní Gorilla Glass nínú, irú èyí tó wà lójú fóònù, kí ó lè fúyẹ́ kí ó sì le sí òkúta. Òkè-Ìlá kò tíì dé ibẹ̀.

Gíláàsì Corolla kì í wọ́n ní Adó. Ti MR2, ó di Èkó, ó di Ládípọ̀ ní Mushin, ibẹ̀ náà sì gba ìwákiri. Iye tí wọ́n gbà, ìyàwó ilé kò tíì gbọ́ ọ dòní, ẹ má sọ fún un.

Ẹ̀yin onítípà ọ̀nà Ìkéré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi tapólì bo ẹrù yín. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín jẹ́ pẹlẹbẹ, bí ẹ bá rí típà níwájú, ẹ fà sẹ́yìn gan-an, kí ẹ máa da omi sí gíláàsì kí ẹ tó tan wáípà. Bí òkúta bá bà á, ẹ tètè wá oní-resin lọ́jọ́ kan náà. Súpà gúlù tó ṣẹ́ kù ṣì wà nílé. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá ṣí lè wá gbà á.