Wáyà Eléyín Mẹ́ta àti Akọ̀wé Tó Mọ̀ Ọ́n Tán

Àwọn tó ń fi fọ́tò òfurufú ya máàpù kì í wo fọ́tò kan ṣoṣo. Méjì ni wọ́n máa ń wò pọ̀, tí bàálù yà láti ibi méjì tó yàtọ̀ síra díẹ̀. Ojú òsì á wo ọ̀kan, ojú ọ̀tún á wo èkejì, ọpọlọ á pa méjèèjì pọ̀, kí a tó wí kí a tó fọ̀, òkè ti yọrí, kòtò ti jìn. Charles Wheatstone, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé ọgbọ́n yìí fún ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1838. Jígí méjì ló fi ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀. Kò sí wáyà níbẹ̀ rárá. Orí ló kó o yọ.

Orí ò kó akọ̀wé inú ìtàn yìí yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà ní Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ máàpù láti inú fọ́tò ní iléẹ̀kọ́ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972, tí wọ́n ń pè ní RECTAS nígbà náà, tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí. Ẹ̀gbọ́n ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ní káàdì NVIDIA Quadro nínú, ó ra mọ́nítọ̀ tó yára, ó ra awò 3D Vision pẹ̀lú ẹ̀rọ dúdú kékeré tó ń darí awò náà. Gbogbo ẹ̀ ló pé. Wáyà tó yẹ kó so ẹ̀rọ dúdú mọ́ káàdì nìkan ni kò sí.

“Àbúrò,” ni ẹ̀gbọ́n wí lórí fóònù, “ìwọ lò ń kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà nínú ìwé ìròyìn. Bá mi wá wáyà yìí ní Èkó.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyẹn náà lẹ̀ ń pè níṣẹ́? Ẹ ti rí i tán.”

Akọ̀wé kò béèrè orúkọ wáyà náà. Kò béèrè bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí, kò sì ní kí ẹ̀gbọ́n ya fọ́tò ihò káàdì ránṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tán kì í béèrè nǹkan.

Ohun tí wáyà náà ń ṣe kò le. Irú mọ́nítọ̀ yìí máa ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ti ojú òsì, ti ojú ọ̀tún, ti òsì, ti ọ̀tún. Awò tí èèyàn wọ̀ á máa dí ojú kan bó ṣe ń ṣí èkejì, kí ojú kọ̀ọ̀kan lè rí kìkì àwòrán tirẹ̀, ìgbà 60 fún òsì, ìgbà 60 fún ọ̀tún. Ẹ̀rọ dúdú ló ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn ò lè rí, sọ fún awò pé ó yá, dí òsì. Ó yá, dí ọ̀tún. Ta ló wá ń sọ fún ẹ̀rọ dúdú? Káàdì ni, láti inú ihò roboto kan tó ní ojú mẹ́ta. Ẹgbẹ́ VESA, tó ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń ṣe mọ́nítọ̀ àti káàdì, ló gbé ìlànà ihò náà jáde lọ́dún 1997. Píìnì kan ń gbé iná volt 5, òmíràn ni gíráùǹdì, èyí tó kù ló ń gbé àmì. Àmì yìí á ga nígbà tí àwòrán ojú òsì bá wà lórí mọ́nítọ̀, á sì wálẹ̀ tó bá kan ti ọ̀tún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wáyà ò bá sí, awò á dà bí oníjó tí kò gbọ́ ìlù.

Iṣẹ́ awò yìí ti pẹ́ ju NVIDIA lọ. Ilé iṣẹ́ StereoGraphics ní Kalifóníà, tí Lenny Lipton dá sílẹ̀, ti ń ta awò tirẹ̀ tó ń jẹ́ CrystalEyes fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ayamáàpù tipẹ́. (Lipton yìí kan náà ló kọ ewì tó di orin “Puff, the Magic Dragon”, èèyàn lè ní ẹ̀bùn méjì.) Nígbà tí 3D Vision wá jáde lọ́dún 2009, wọ́n fi wáyà tí akọ̀wé yìí ń wá kiri sínú páálí lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n DLP tó lè ṣe 3D. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ti ẹ̀gbọ́n, níbikíbi tó bá wà lókè òkun, ti sọ ọ́ nù.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, akọ̀wé dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ó ní òun fẹ́ wáyà roboto kékeré tó jẹ mọ́ àwòrán. Ọmọkùnrin tó ń tajà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi na S-Video sí i.

“Dádì, òun nìyí. Orijínà.”

Akọ̀wé sanwó, kò ná an, ó tún dúpẹ́. Ó wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀yẹ lẹ́nu.

Ìdílé kan náà ni ẹnu S-Video àti ti wáyà 3D. Mini-DIN ni wọ́n ń pe ìdílé náà. Bí mìlímítà 9.5 ni gbogbo wọn fẹ̀, eyín inú wọn ló yàtọ̀: ti èyí tó kéré jù jẹ́ mẹ́ta, ti èyí tó pọ̀ jù jẹ́ mẹ́sàn-án. S-Video ní mẹ́rin. Máòsì àti kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ ní mẹ́fà. Eléyín mẹ́ta yìí náà ni Apple lò nígbà kan láti so kọ̀ǹpútà Macintosh pọ̀ pẹ̀lú LocalTalk. Àwọn tó ṣe ìdílé náà mọ̀ọ́mọ̀ to eyín wọn kí ọ̀kan má lè wọ ihò èkejì, kí aláìmọ̀kan má bàa jó ẹ̀rọ. Akọ̀wé yìí wo S-Video, ó wo ihò káàdì, ó ṣírò rẹ̀ pé mẹ́rin dín ẹyọ kan, mẹ́ta ni. Ó mú pláyà, ó fa eyín kan yọ. Ó tì í, kò wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó tún un tì.

“Àbúrò, rọra o,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Owó káàdì yẹn kọjá owó ọkàdà.”

Eyín kejì tẹ̀. Kò sí S-Video mọ́, kò sì sí wáyà 3D.

Ìhà kejì wáyà tún ní ìtàn tirẹ̀. Ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ dúdú jọ ti íafóònù, ni akọ̀wé bá gé íafóònù tirẹ̀ tó ṣì ń dún dáadáa, kó lè lo jáàkì rẹ̀. Jáàkì íafóònù jẹ́ mìlímítà 3.5, ihò ẹ̀rọ dúdú jẹ́ 2.5. Mìlímítà kan péré ni, àmọ́ irin kì í gba ìpẹ̀. Ó wá jáàkì 2.5 kiri títí ó fi rí ọ̀kan lára íapíìsì fóònù àtijọ́, ó sì wọ inú ihò wẹ́kú. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rù. Ìlà dúdú kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn jáàkì yẹn, ìyẹn ni pé ibi méjì péré ni wáyà lè kàn án, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni nǹkan tí à ń gbé kọjá. Irin ọrùn rẹ̀ tó gùn á fara kan ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú ihò, á sì pa wáyà méjì tí kò yẹ kó pàdé pọ̀. Jáàkì tó ní ìlà dúdú méjì ni wọ́n ń lò.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò ẹ̀gbọ́n ló rí i, tó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kì í bọ ibi tó ní iná. Bàbá ṣí agolo bisikíìtì kan, ó tú ẹrù inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì yọ ẹnu mini-DIN eléyín mẹ́ta jáde, irú èyí tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ jó wáyà mọ́. Ó tún fa jáàkì onílà méjì kan yọ. Akọ̀wé ní kí Bàbá jẹ́ kí òun jó o, òun ti rí i nínú fídíò.

Ẹ̀yìn eyín mini-DIN kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sì sún mọ́ra. Bí léèdì bá pọ̀ díẹ̀, á so eyín méjì pọ̀. Bí irin gbígbóná bá pẹ́ díẹ̀, ike tó di eyín mú á rọ̀, eyín á sì wọ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ ki eyín náà bọ ihò ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ihò lè dì í mú nígbà tí ike bá rọ̀. Akọ̀wé fi ìka dì í mú. Ìka jó, eyín wọ́, Bàbá sì fi pínsẹ́tì tún un tò láìsọ̀rọ̀.

Ìgbà tó kan pé wáyà wo ló ń lọ síbo ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Àwòrán tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé jẹ́ ti ihò ara káàdì, bí ẹni tó dojú kọ ọ́ ṣe ń rí i. Ẹni tó ń jó wáyà mọ́ ẹ̀yìn eyín nǹkan kan náà gẹ́lẹ́ ló ń wò, nítorí tí eyín bá ti wọ ihò tán, ẹ̀yìn eyín àti ojú ihò ìhà kan náà ni wọ́n kọ sí. Kò yẹ kéèyàn yí ohunkóhun. Akọ̀wé ronú jinlẹ̀, ó ní akọ àti abo ò lè rí bákan náà, ó bá yí gbogbo rẹ̀ sódì, ó sì jó o dáadáa. Léèdì rẹ̀ dán gbinrin. Ìgbà yẹn ló rí i pé ìdérí ike tó yẹ kó kọ́kọ́ kì bọ ọrùn wáyà ṣì wà lórí tábìlì. Kò sí bó ṣe lè wọlé mọ́ láìjẹ́ pé ó tú gbogbo ẹ̀.

Ìdérí yẹn ló gba káàdì là. Nígbà tí wọ́n ń tú u, Bàbá wo àwòrán, ó wo eyín.

“Akọ̀wé, ta ló ní kó o yí i?”

“Bàbá, mo rò ó dáadáa ni.”

“Èrò yẹn ló pọ̀ jù.”

Bàbá fúnra rẹ̀ ló jó o lẹ́ẹ̀kejì, ó sì bá wọn dé ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú mítà rẹ̀. Ó ki ẹnu roboto bọ káàdì, kò tíì jẹ́ kí jáàkì kan ẹ̀rọ dúdú. Iná pé volt 5. Wáyà àmì kò mú nǹkan kan wá, nítorí kò sẹ́ni tó tan stereo nínú ètò káàdì. Akọ̀wé ti ní òun tàn án láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n tàn án, tí ẹ̀gbọ́n sì ṣí fọ́tò méjì nínú ètò máàpù, mítà dúró sí bíi volt 2.5. Akọ̀wé figbe ta pé káàdì ti ń kú lọ, ìdajì iná ló kù nínú ẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Àmì náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wà lókè fún ìdajì àkókò, ó wà nílẹ̀ fún ìdajì tó kù. Mítà ò lè sáré tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló ń kà. Volt 2.5 yẹn gan-an ló fi hàn pé ara àmì dá ṣáṣá.

Ẹ̀gbọ́n ki jáàkì bọlé, ó wọ awò, ó wo Ìbàdàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bọ́ awò fún akọ̀wé. Òkè Màpó ti di kòtò. Gbọ̀ngàn Màpó, pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀, wà nísàlẹ̀ ọ̀fìn, àwọn òrùlé páànù tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ sì yí i ká lókè. Akọ̀wé ti na ọwọ́ sí irin tí wọ́n fi ń jó wáyà, ó ní eyín ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnì kan nínú ètò máàpù, òkè sì padà dìde. Fọ́tò òsì ni akọ̀wé gbé sí ọ̀tún nígbà tó ń bá ẹ̀gbọ́n to fáìlì. Wheatstone mọ̀ nípa èyí náà: lọ́dún 1852, ó ṣàlàyé ẹ̀rọ kan tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ ohun tí ojú méjèèjì ń rí, tí ohun tó yọ á fi dà bí èyí tó jìn.

Wáyà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ìdérí rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí lónìí kó rò ó dáadáa, nítorí NVIDIA ti dá 3D Vision dúró nínú ètò káàdì GeForce láti 2019, àwọn mọ́nítọ̀ 3D kan sì wà tó jẹ́ jígí àti awò polarized ni wọ́n ń lò, tí kò sídìí fún wáyà àmì rárá. Àmọ́ tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni agbára yín ká, ohun tí ẹ máa béèrè nìyí: mini-DIN píìnì mẹ́ta lápá kan, jáàkì mìlímítà 2.5 onílà dúdú méjì lápá kejì. Ẹni tó bá sì ní páálí 3D Vision àtijọ́ nílé, lókè òkun tàbí níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dà á nù. Àwọn awọnlẹ̀ ń wá wáyà tó wà níbẹ̀.