Ibo Ni Ká Tẹ̀ka Sí?

Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí. Ìyá bàbá ìyàwó mi ló papò dà ní Agbamu, wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe báńà, mo ní kí wọ́n má náwó, mo ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pa àṣẹ kan: àmì ohùn kò gbọdọ̀ yẹ̀. Mo wá fọ́ǹtì oníkọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìpè ìgbéyàwó, mo tẹ “Ẹ̀YẸ ÌKẸYÌN FÚN ÌYÁ WA, ẸLẸ́YINJÚ ẸGẸ́.” Ó dára lójú kọ̀ǹpútà mi. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ báńà n'Ílọrin.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ta á. Níbi tí ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ yẹ kó wà, àpótí 6 ló tò síbẹ̀: □L□□YINJÚ □G□□. Fọ́tò Màmá ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Bàbá àgbà kan láti Èsìẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ síta: “Ibo ni ká tẹ̀ka sí? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ni Màmá ti ń díje?”

Àwọn aláṣọ ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. É àwọn Faransé ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà: 00C9. Ẹ wa náà ní 1EB8. Ṣùgbọ́n bí àmì òkè bá gun Ẹ, kò sí nọ́ńbà kan fún àwọn méjèèjì pọ̀. A ó kọ 1EB8, ká fi 0301 ti àmì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ya àwọn méjèèjì, kó sì sọ ibi tí àmì máa jókòó sí. Bí kò bá yà wọ́n, àpótí òfìfo ni fọ́ǹtì máa gbé síta. Fọ́ǹtì tèmi kò ní ìkankan! Kọ̀ǹpútà mi ló ń yá ti fọ́ǹtì mìíràn lò láì sọ fún mi. Ẹ̀rọ n'Ílọrin kò yá ohunkóhun. Ká ní mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán kí n tó fi ránṣẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi, mo dìde láìgbàṣẹ. Ế àwọn ará Vietnam gbé àmì méjì lórí, nọ́ńbà kan ni wọ́n fún un, 1EBE. Tiwa gbé ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, Unicode ní òun kì í gba irú àsopọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, nítorí a lè fi ègé tó wà nílẹ̀ kọ ọ́. A lè kọ ọ́ lóòótọ́. Àwọn tó ń ya fọ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ wọn kò kà wá kún!

Tíṣà kò fèsì. Ó ní kí wọ́n gbé àkàbà àti mákà pupa wá, ó gùn ún, ó ń kọ lẹ́tà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Èmi ni mo di àkàbà mú. Àwọn onílù yí sọ́dọ̀ wa, mo ń fi ọwọ́ kan náwó fún wọn. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ 4/10 sí igun báńà.

Ètò ìrántí ọdún kan ń bọ̀. Wọ́n ti pín iṣẹ́. Yìnyín ni wọ́n ní kí n rà.