Ìjàpá àti Ìwé Ètò Ẹ̀kọ́

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tó di olùkọ́ àgbà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú lọ́dún náà, àwọn ẹranko ń kú bí eṣinṣin. Kìnnìún ọba ìgbẹ́ wò ó títí, ó rí i pé àìmọ̀ ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ju òùngbẹ lọ. Ló bá dá ilé-ìwé gíga sílẹ̀ lábẹ́ igi ìrókò. Olórí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni wọ́n pè ní Ọ̀gbẹlẹ̀ 101: bí ẹranko ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn já láìkú. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ tó fi di kíláàsì méjì. Ìgbín gba ọ̀kan. Ìjàpá gba èkejì, nítorí pé gáùn ló wọ̀ wá gbaṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í níbi tó ti yá a.

Kìnnìún ní kí ilé-ìwé tó wọlé, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá, èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì ń pè ní kọ́ọ̀sì áótílàìnì: ohun tí yóò kọ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ ìdánwò, bí máàkì ṣe pín, àti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí olùkọ́. Nínú ìdá 100 ẹ̀kọ́ náà, ààfin ti la 70 sílẹ̀, kí olùkọ́ wá fi ọgbọ̀n tó kù kún un. (Irú èyí náà ni NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ń ṣe láti 2023: àjọ la 70 sílẹ̀, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń fi 30 tirẹ̀ kún un.) Akéde lu agogo yíká ìgbẹ́: "Ọgbọ̀n kù sọ́wọ́ olùkọ́ o!"

Ìjàpá, tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ ju ohun tó bá wù ú, sọ pé: "Yánníbo, ṣé o gbọ́? Ọgbọ́n ló kù sí mi lọ́wọ́! Ẹni tí ọgbọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe?" Ó yíjú sógiri, ó sùn.

Ìgbín ò sùn. Ọjọ́ méje ló fi fà kiri lórí ewé kókò kan. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: bí a ṣe ń gbóòórùn òjò kó tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ kẹta: ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ tó ń tanni jẹ. Ọ̀sẹ̀ keje: ìdánwò, 30 máàkì. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá: olùkọ́ yóò gun ògiri, yóò dorí kodò níbẹ̀, kí kíláàsì rí iṣẹ́ tí itọ́ ara ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá: olùkọ́ yóò wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, yóò fi ohun funfun bí ẹfun dí ẹnu ọ̀nà, kò ní jẹ, kò ní mu. Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ ọ́ sí pé: "Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kejì ni mo wà lálaalẹ́. Bí ẹ ò bá rí mi, ẹ tọ ipa itọ́ mi."

Lọ́jọ́ tí Òkété gba ìwé ìdánwò rẹ̀, ó tọ ipa itọ́ náà lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé yín ní 30 ni máàkì ìdánwò yìí, ẹ̀yin sì gbà á ní 25." Ìgbín yọ ojú méjèèjì síta, ó wò ó, ó ní: "O jàre, ọmọ mi," ó sì tún un ṣe. Èmi tí mò ń pàlọ́ yìí ti jókòó ní kíláàsì rí, mo sì mọ iye ìgbà tí mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu olùkọ́.

Ní kíláàsì kejì, Ehoro nawọ́ sókè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la fẹ́ kà ní sáà yìí?" Ìjàpá fa gáùn sókè, ó fi orin dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Ìwé dà, ìwé dà tí ẹ̀ ń bèèrè?
*Kéréǹkéjè, orí Alábahun ni!*
Ọ̀sẹ̀ mélòó, kí lẹ ó kà?
*Kéréǹkéjè, orí Alábahun ni!*
Ìdánwò ńkọ́, níbo ni yóò ti jáde?
*Kéréǹkéjè, orí Alábahun ni!*

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi sọ bí òun ṣe tan Erin wọ̀lú. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó sọ ti ẹ̀bẹ gbígbóná tó dé fìlà lé lórí nílé àna rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí orí ti bó. Ọ̀sẹ̀ keje, kò wá. Lọ́sẹ̀ kẹjọ ló kó hándáòtì dé, ewé eéran tí ìlà méjì wà lára rẹ̀, iṣu kan ni owó rẹ̀, ó sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá rà á. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ní kí wọ́n palẹ̀ ìwé mọ́, ìdánwò ti dé: "Ilà mélòó ló wà lẹ́yìn olùkọ́ yín? Ṣàlàyé." Ehoro tó ti ń ka ilà láti ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé kò rí nǹkan mìíràn ṣe, òun náà féèlì. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó ra ewé.

Ẹ tiẹ̀ dúró ná. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB láti wọ yunifásítì lónìí, sílábọ́ọ̀sì ń bẹ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ó mọ ibi tí ìbéèrè ti lè jáde àti ibi tí kò ti lè jáde. Kó wá wọlé tán, kó bèèrè áótílàìnì, wọn a ní ọmọ yìí gbójú. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àlọ́.

Ìròyìn kíláàsì Ìjàpá dé ààfin. Kìnnìún ní Àṣá ń bọ̀ wá yẹ ìwé olùkọ́ wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìjàpá ò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó yọ́ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kejì, ó da ìwé Ìgbín kọ lẹ́yọ lẹ́yọ. Orúkọ nìkan ló pa rẹ́.

Àṣá dé, ó kà á, ó mi orí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí dára! Ọ̀sẹ̀ kelòó lẹ wà?"

Gbogbo kíláàsì dáhùn pọ̀ pé: "Ìkẹwàá, sà!"

"Ẹ wo ọ̀sẹ̀ kẹwàá fún mi."

Ehoro gba ìwé, ó kà á sókè: "Olùkọ́ yóò gun ògiri, yóò dorí kodò níbẹ̀."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ìjàpá wo ògiri. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àṣá ní ìwé ò sọ ti ẹ̀yìn. Ó ní àpèjúwe lásán ni. Àṣá ní ọwọ́ ta ló kọ ọ́? Ìjàpá ò lè sọ. Àwọn ọmọ ti gbé orin náà:

Ògiri dà, ògiri dà tí ẹ ó gùn?
*Kéréǹkéjè, ọwọ́ Alábahun ni!*
Ta ló kọ ọ́, ta ló buwọ́ lù ú?
*Kéréǹkéjè, ọwọ́ Alábahun ni!*

Ìjàpá gun ìgbésẹ̀ kan, ó gun èjì. Ní ẹ̀kẹta, gáùn kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gbàà! Ìkarahun tó ń dán bí àwo fọ́ yánnayànna. Àwọn kan máa ń sọ pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Wọn ò sí ní kíláàsì ni.

Yánníbo ṣì ń ṣa èyí tó fọ́ jọ nígbà tí Ehoro sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì na ìwé sí i níwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti ọ̀sẹ̀ kọkànlá ńkọ́?"