Àpò Sìmẹ́ńtì Kílò Kan Ààbọ̀

Kí n tó dé Leeds, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí nínú ọ̀rọ̀ idà àwọn jagunjagun Yúróòpù àtijọ́. Inú sinimá ni mo ti gboyè. Mo mọ̀ dájú pé idà wọn wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì, pé kò mú rárá, ńṣe ni wọ́n kàn ń fi í na ara wọn títí ẹnì kan á fi ṣubú. Mo tún mọ̀ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbé ọkùnrin tó bá wọ ẹ̀wù irin sórí ẹṣin. Mo lẹ́rìí: ó wà nínú Henry V tí Laurence Olivier ṣe ní 1944.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ìjà idà ayé ìgbà náà nínú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀, ló bá mú mi dání lálẹ́ ọjọ́ kan. Olùkọ́ wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, na idà ìdánrawò sí mi. Irin gidi ni, wọn ò kàn pọ́n ọn ni.

"Àǹkù, ẹ rọra o, kò wúwo."

"Ṣé èmi lo ń sọ fún?"

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ tèmi tẹ èèkù, ikú tó fẹ́ pa èmi gan-an ni mo wá ń wá kiri. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo mí kanlẹ̀, mo fi gbogbo agbára tí wọ́n fi ń gbé sìmẹ́ńtì gbé e sókè.

Kílò kan ààbọ̀ péré ni. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, idà ti dé àjà, gílóòbù ti fọ́, àfọ́kù ń rọ̀ sórí fìlà mi, èmi náà ń fẹ̀yìn rìn lọ bá ògiri.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré wá, ó fọwọ́ lásán di ojú idà náà mú. Mo figbe ta: "Ìka ẹ o!" Èmi tí mo ti ń sọ látàárọ̀ pé idà wọn ò mú! Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Èyí tó mú pàápàá, wọ́n máa ń dì í pinpin kó má baà yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì fi ṣóńṣó rẹ̀ wá àlàfo nínú ẹ̀wù irin ọ̀tá. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé tí Fiore dei Liberi, ọ̀gá onídà ará Ítálì, ṣe ní nǹkan bí 1410.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gba iyì mi padà, mo wá nàka sí poro tó la àárín irin náà: "Ibí ni ẹ̀jẹ̀ máa ń gbà ṣàn jáde, àbí?" Olùkọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ò bèèrè poro lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; alágbẹ̀dẹ ló dín irin kù níbẹ̀ kí idà lè fúyẹ́, síbẹ̀ kó má ṣe rọ.

Mo bá kó ẹ̀rọ Olivier jáde. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú tán. Ó ní ẹ̀wù irin látòkè délẹ̀ kì í sábà ju kílò 25 lọ, gbogbo ara ló sì pín in rù. Boucicaut, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, máa ń ta òkìtì nínú tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ayé rẹ̀ ṣe sọ. Agincourt, ogun inú fíìmù mi yẹn gan-an, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un lóǹdè ní 1415. Yorkshire tí mo dúró sí yìí ló sì kú sí ní 1421. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí níbẹ̀ láti rí mi.

Mo tọrọ ìgbálẹ̀, mo gbá àfọ́kù, mo ní n ó san owó gílóòbù. Obìnrin náà kọ̀, ó ní kí n wá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Idà tó gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, rọ́bà ni, ti àwọn ọmọdé.