Olóyè Màá-Fi-Ránṣẹ́

Kò sí ayẹyẹ ìkówójọ kan láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ tí ẹ kò ní bá Olóyè níbẹ̀. Wọn ò pè é? Ó ti gbọ́. Mọ́sálásí ni wọ́n fẹ́ kọ́, àbí gbọ̀ngàn ìlú? Olóyè ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti jẹ mọ́ fásitì, pàápàá ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, òun ló máa ń dùn mọ́ ọn jù, torí ibẹ̀ ni owó ti máa ń tóbi lẹ́nu. Ta ni yóò dìde láàárín èrò kó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lòun mú wá fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin?

Pápá sì ti fẹ̀ fún un. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU, fásitì ìjọba Èkó, ti wà ní Ẹ̀pẹ́ tipẹ́. Ní 2022, ìjọba Èkó sọ LASPOTECH, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tó wà ní Ìkòròdú, di fásitì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí Olóyè bá mú ọ̀nà Ìtóìkín pọ̀n láàárọ̀ Sátidé, ó lè ṣèlérí níbi méjì kí oòrùn tó kanrí.

Kì í tètè dé. Ó di ìgbà tí ọ̀gá àgbà fásitì bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdajì kí ẹ tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn onígángan á pa ọ̀mọ̀wé tì, wọ́n á sáré lọ pàdé agbádá. Tẹ́lẹ̀, Olóyè á lẹ owó tuntun mọ́ wọn níwájú. Ṣùgbọ́n láti 2024 tí ilé ẹjọ́ ti rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n nítorí owó tó ń ná lójú agbo, àpòòwé ló ń há sí wọn lọ́wọ́. Ẹ fojú sí àpòòwé yẹn dáadáa. Òun nìkan ni owó tí yóò kúrò lọ́wọ́ Olóyè lọ́jọ́ náà.

Bó bá kàn án, á rọra dìde. Á ká agbádá sí èjìká òsì, á ká ti ọ̀tún, á fi ìka lu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa ti ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Ní orúkọ èmi fúnra mi, ní orúkọ àwọn ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó tẹ̀ lé mi wá…” Àwọn ọ̀rẹ́ á wo ara wọn lójú. “…mo fi mílíọ̀nù márùn-ún náírà ti iṣẹ́ yìí lẹ́yìn.” Àtẹ́wọ́ á sọ. “Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́! Lọ́nà mẹ́wàá!”

Gbọ̀ngàn á dàrú. Wọ́n á gbé sọ̀wédowó páálí jáde, èyí tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn èèkàn á tò yí i ká, wọ́n á ya fọ́tò. Inú búùtù ọkọ̀ Olóyè ni páálí yẹn ń gbé. Iye owó nìkan ló ń pààrọ̀.

N ò dá a lẹ́bi tán. Fẹ́mi Ọ̀tẹ̀dọlá, olówó ńlá tí bàbá rẹ̀ ti ṣe gómìnà Èkó rí, ló kó o síyọnu. Augustine University, tí ìjọ Àgùdà ti Èkó dá sílẹ̀ ní Ìlárá-Ẹ̀pẹ́, tí ó sì gbàwé àṣẹ ní 2015, ni ọmọ gómìnà àná yẹn fi bílíọ̀nù méjì náírà ta lọ́rẹ fún ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní 2024, ó tún fi mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tí iye wọn lé ní 700 lọ́wọ́ lórí owó ilé-ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà ni mílíọ̀nù kan ti di owó ìtìjú lẹ́nu Olóyè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé owó tó ti ẹnu Ọ̀tẹ̀dọlá jáde ti kọ́kọ́ wà ní báńkì. Ti Olóyè, ẹnu gan-an ni báńkì.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni akọ̀wé fásitì á bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

“Olóyè, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọ̀rọ̀ ìlérí ọjọ́sí ni.”

“Á à, ọmọ mi! Àbújá ni mo wà báyìí. Màá fi ránṣẹ́.”

Lẹ́yìn Olóyè, ohùn obìnrin kan á ta wọ inú fóònù: “Bàbá, ẹ fọwọ́ kan òbòkún yìí wò, ààyè ni o!” Ọjà ẹja Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ ti dé Àbújá nìyẹn.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wà ní mítìn. Lẹ́yìn náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ni. Nígbà tó yá, ìyàwó kékeré ló ń gbé fóònù. NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó fásitì, àti COREN, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, kò sì ní gbọ́ àwáwí. Bí wọ́n bá wá wò ó bóyá ẹ̀ka náà tó gbangba sùn lọ́yẹ́, wọ́ọ̀kṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń wo ẹ̀rọ, wọ́n ń bèèrè iye olùkọ́. Kò sẹ́ni tó ń ka fọ́tò fún wọn. Fásitì ìjọba ṣì ní TETFund, àpò ìrànwọ́ tí wọ́n ń fi owó orí èrè ilé-iṣẹ́ kún. Ti aládàáni kò ní irú rẹ̀.

Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n tún ń pe Olóyè lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀gá fásitì ò gọ̀. Bí Olóyè bá ti pariwo àádọ́ta mílíọ̀nù tán, ojú á ti gbogbo ẹni tó jókòó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá, á sáré yá ogún lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ìyálọ́jà á tú gbogbo ìdí ìró. Àwọn wọ̀nyí ò mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́nu lásán. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kà á sílẹ̀. Lójú tèmi, Olóyè àti fásitì jọ ń pa owó ni. Ìyálọ́jà nìkan ni kò mọ̀.

Owó ìyálọ́jà àti ti tíṣà ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu irin. Olóyè wá wò ó, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó ní, “Ṣé owó mi lẹ fi ra èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni ọ̀gá ẹ̀ka fèsì.

Olóyè ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i lára, lẹ́tà gàdàgbà. Kí wọ́n lọ gba owó ọ̀dà lọ́wọ́ búrọ́sà.